Ọkọ̀ Tí Kò Fà Mọ́: Kí A Tó Dá Ẹ́ńjìnì Lẹ́bi

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹkáníìkì ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù ní Papalanto. A tẹ̀ ẹ́ síbí bí ó ti sọ ọ́.)

Akọ̀wé ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tó ti dàgbà, tí kò fà mọ́, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ní kí n má pẹ́ jù. N ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìpàdé gùn.

N kò ní fi ìdí tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀ pamọ́. Mo wà nínú àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ẹ̀ka yìí. Lẹ́yìn owó ilé ìwé ọmọ, ìwé tó ń wá sọ́dọ̀ wa jù ni ti ẹ́ńjìnì. "Ẹ́ńjìnì mi ti rẹ̀, mo fẹ́ ra tókunbọ̀." Owó ńlá ni, owó tí gbogbo wa jọ dá sì ni. Mo fẹ́ sọ fún yín lónìí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnì tí a ń dá lẹ́bi yẹn, wọn kò jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, awakọ̀ kan gbé Peugeot 504 rẹ̀ wá bá mi. Papalanto sí Ìlárò ló ń ná. Ó ní ọkọ̀ kò gun òkè mọ́, pé bí òun bá tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, ṣe ni ẹ́ńjìnì ń ké láìfà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́tí, mo rí èéfín díẹ̀, mo mi orí. Mo ní, "Ẹ́ńjìnì yìí ti lọ." Ó yá owó, ó ra tókunbọ̀, a fi ọjọ́ méjì gbé e sínú ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó tún padà dé. Ó ní, "Bàbá, bákan náà ni." Ìgbà náà ni mo tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tó wà nínú sáílẹ́ńsà ló ti já, ó sì ti dí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ́ńjìnì kò rí ibi mí sí. Ẹ́ńjìnì tuntun náà kò sì rí i. Sáílẹ́ńsà lásán! Arákùnrin yẹn san gbèsè ẹ́ńjìnì tí kò nílò fún ọdún kan ó lé. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ ṣé." Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ má sọ pé 504 ti di ohun àtijọ́. Láti 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ni a ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà nílẹ̀ yìí. Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún kan náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí wọn kan Datsun, ó kan Toyota, ó kan ohun yòówù tó bá ń jó epo bẹntiróòlù.

Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Nikolaus Otto ló ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1876. Títí di òní, ohun mẹ́rin náà ló ń ṣe. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú. Ó ń fún un pọ̀. Iná ń ràn án, ó ń jó. Ó wá ń ti èéfín jáde. Fà, fún, jó, tì. Ọkọ̀ tí kò bá ní agbára, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ni kò lọ déédéé. Iṣẹ́ wa ni kí a wá èyí tó jẹ́ kí a tó fọwọ́ kan àpò.

Ṣùgbọ́n dúró ná. Ṣé ẹ́ńjìnì gan-an ni? Bí ẹ bá tẹ tọ́tù tí ariwo ẹ́ńjìnì ń ròkè, tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, tí ẹ tún ń gbóòórùn bí ìgbà tí nǹkan ń jóná, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Bí ẹ bá sì wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ fíìfíì, bíréèkì ló dì í mú. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú kábúrétọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bíréèkì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń fà á sẹ́yìn.

Ó yá, ká wá sórí afẹ́fẹ́. Ní ìlú wa yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà ní Ewékorò. Ti Ibese ṣí ní 2012. Tírélà tó ń gbé òkúta àti sìmẹ́ǹtì kọjá lójú títì wa kò lóǹkà, ẹ̀yin tí ẹ sì ń sá aṣọ síta mọ ohun tí eruku yẹn ń ṣe. Ohun tó ń bà sórí aṣọ náà ló ń wọ fílítà afẹ́fẹ́. Bí ìrì tàbí òjò bá tún kàn án, á dì bí ẹ̀kọ. Ẹ́ńjìnì tó fẹ́ jó kílò epo kan nílò afẹ́fẹ́ tó tó kílò mẹ́rìnlá àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, epo á pọ̀ jù, èéfín á dúdú, ọkọ̀ á máa mu epo bí ẹni mu omi, síbẹ̀ kò ní fà. Ẹ yọ fílítà, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi sí ọkọ̀ lè ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà báyìí báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yẹn kò tẹ̀lé tírélà òkúta rí láàárín Ewékorò àti Papalanto nígbà ọyẹ́.

Àwọn kan gbọ́n ju èyí lọ. Wọ́n yọ fílítà dànù pátápátá, ọkọ̀ sì fà! Wọ́n ń yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Eruku òkúta ni ẹ fún ẹ́ńjìnì jẹ yẹn. Á máa lọ ríǹgì àti ara sílíńdà bí ọlọ ti ń lọ ata, nígbà tó bá sì fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ẹ ó wá yá owó ẹ́ńjìnì lóòótọ́.

Afẹ́fẹ́ tún lè pọ̀ jù. Róbà kékeré kan wà tó ń lọ láti abẹ́ kábúrétọ̀ sí dísíríbútọ̀, òmíràn ń lọ sí bíréèkì. Bí ó bá là, ẹ́ńjìnì á máa fa afẹ́fẹ́ olè. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa kú nígbà tí ẹ bá dúró gba èrò, ṣùgbọ́n tó bá ti ń sáré, ara rẹ̀ á balẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ dúró sí, ẹ fi ìka fún àwọn róbà náà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá fún tí gbígbọ̀n náà dẹwọ́, òun ni olè. Ẹ má ṣe wọ́n epo bẹntiróòlù síbẹ̀ láti fi wá a o. Àwa àgbà máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àwọn kan nínú wa sì ní àpá iná lápá títí dòní.

Mo gbọ́ ohun tí arákùnrin ẹ̀yìn yẹn ń sọ. Ó ní epo ayé ìsinsìnyí ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò parọ́ tán. Ẹ rántí February 2022, tí wọ́n kó epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ìjọba fi ní kí wọ́n kó o padà kúrò lọ́jà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ róbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí pọ́ǹpù epo rẹ̀ bàjẹ́ nígbà náà, ẹ́ńjìnì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Látìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, owó epo ti sọ ẹni púpọ̀ di ẹni tó ń ra èyí tó bá pọ́n lójú ọ̀nà, nínú jẹ́ríkáànù, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ lè fi ìgò yẹ epo wò fúnra yín. Ẹ wá ìgò tó funfun gbóló, ẹ bu epo sí i, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìdajì wákàtí. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni á sùn sí, ẹ ó rí ojú ààlà rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ọtí irú mẹ́tánọ́ọ̀lù yẹn wà níbẹ̀, ẹ da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ fa ìlà sí ibi tí omi dé, kí ẹ da epo lé e tó ìlọ́po mẹ́sàn-án omi náà. Ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Bí omi bá ga ju ìlà yẹn lọ lẹ́yìn tó ti rọlẹ̀, omi kò bí omi, ọtí inú epo ló lọ bá a. Kí ẹ ṣe é lójú afẹ́fẹ́, jìnnà sí iná àti sìgá.

Kí a tó kúrò lórí epo: ọkọ̀ tó bá lọ dáadáa fún bíi ogún ìṣẹ́jú, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì tó kú, tó tún sinmi tó ṣiṣẹ́, ẹ sáré ṣí ìdérí táńkì rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣíìì", ihò afẹ́fẹ́ ìdérí náà ló dí. Epo ń jáde, afẹ́fẹ́ kò wọlé rọ́pò rẹ̀, pọ́ǹpù kò wá lè fà á mọ́. Abẹ́rẹ́ ni ẹ ó fi ṣí ihò náà. Mo mọ ẹni tó ra pọ́ǹpù méjì nítorí ihò abẹ́rẹ́. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ wo fílítà epo. Táńkì tó ti dógún ọdún kì í ṣàìní ìpẹtà.

Iná ló kàn, ibẹ̀ sì ni gbígbọ̀n ti máa ń wá jù. Bí ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní láti ṣáná ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Kọ́ìlì kan ṣoṣo tó ń bọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣe é ní ìgbà 100. Ẹ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Ìdí nìyẹn tí iná tó bá rẹ̀ díẹ̀ kò fi ní hàn níbi tí ọkọ̀ dúró sí, àfi ìgbà tí ẹ bá kó èrò tí ẹ sì fẹ́ ya tírélà sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń ja ènìyàn kulẹ̀. Ẹ ti bọ́ sí apá kejì títì, ọkọ̀ ń bọ̀ níwájú, ẹ tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnì wúkọ́. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mọ bí àyà ti ń já. Awakọ̀ tó bá mọ̀ pé ọkọ̀ òun ń wúkọ́, tó sì tún ń ya tírélà sílẹ̀, ẹ̀mí èrò ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ní ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kọ́ńtáàkì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ fi púláyà tí róbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ yọ wáyà pílọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹnu wáyà náà kan irin, kí ẹ sì dá a padà. Pílọ́ọ̀gì tó ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá yọ wáyà rẹ̀, ẹ́ńjìnì á rẹlẹ̀, á gbọ̀n sí i. Èyí tí ẹ yọ tí ohunkóhun kò yí padà, òun ni ọ̀lẹ inú wọn. Ẹyọ kan tó bá ń ṣọ̀lẹ nínú mẹ́rin, agbára tí ẹ pàdánù ju ìdá mẹ́rin lọ, nítorí àwọn mẹ́ta tó kù ló ń wọ́ ọ kiri. Ẹ má ṣe irú èyí lára ọkọ̀ tó ní bíréènì bọ́ọ̀sì, ẹ lè sun bọ́ọ̀sì náà.

Ẹ wá tú pílọ́ọ̀gì náà, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ní àwọ̀ bíi ti erùpẹ̀ tó gbẹ, ara rẹ̀ yá. Bí ó bá dúdú tó gbẹ bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo ló pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ló kéré. Bí ó bá dúdú tó sì ń dán fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń gòkè gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì tàbí fáàfù. Bí ó bá funfun ràn, ooru ti pọ̀ jù, epo kò tó. Pílọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ẹlẹ́rìí mẹ́rin, wọn kì í gba rìbá. N kò mọ ìdí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa fi máa ń sáré fọ̀ wọ́n kí wọ́n tó wò wọ́n.

Kọ́ńtáàkì gbọ́dọ̀ ṣí tó bíi 0.4 mìlímítà lára 504. Bí ó bá ti jó tó gún, tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó tún jó láìpẹ́, kọ̀ńdẹ́ńsà ni kí ẹ dá lẹ́jọ́. Ìdérí dísíríbútọ̀ tó bá sán, ẹ lè má rí i lọ́sàn-án. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní òru níbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́. Iná tó ń jò á máa ta pàrà bí mànàmáná kékeré lára wáyà. Ohun kan tún wà tó ti kó ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sí wàhálà: ètò iná 504 ni 1, 3, 4, 2, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n ti ń ka sílíńdà kìíní, kì í ṣe iwájú lọ́dọ̀ rédíétọ̀. Ẹni tó bá kà á láti iwájú tó sì fi tò ó, ó lè fi gbogbo ọjọ́ wá ohun tí kò sọnù.

Bí iná bá ń pẹ́ kó tó tan, ọkọ̀ á wúwo, á sì máa gbóná. Bí ó bá ń yá jù, ẹ ó gbọ́ ìró bí ẹni mi ẹ̀kùrọ́ nínú agolo nígbà tó bá ń gun òkè. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní iná táímìnì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi etí lásán tò ó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ tó lè fura sí inú ẹ́ńjìnì. Ibẹ̀ náà, gééjì kọ̀ǹpíréṣọ̀n ni á sọ òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, kí ẹ paná, ẹ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, kí ẹnì kan tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, kí ó sì máa fi kíìkì yí i. Ẹ kọ nọ́ńbà tí gééjì bá sọ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 150, 145, 148, tí ìkẹrin jẹ́ 90. Ẹ kán ọ́ìlì ṣíbí kan sínú ìkẹrin yẹn, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ríǹgì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni kò dé dáadáa. Bí ó bá jẹ́ méjì tó wà nítòsí ara wọn ló jọ rẹlẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó láàárín wọn, gásíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnì. Ní ti fáàfù, ẹ kọ́kọ́ wo tápẹ́ẹ̀tì. Epo tó ní òjé nínú ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ wa ní apá ìsàlẹ̀ Sàhárà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ohun rere sì ni fún ọpọlọ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ kan wà tó jẹ́ òjé yẹn ló ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù wọn. Ìjókòó náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì ń pa dé, fáàfù kò sì lè dé mọ́. Títún tápẹ́ẹ̀tì tò kì í gbà ju òwúrọ̀ kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Camry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò gbàgbé yín. Tiyín ní nọ́sù dípò kábúrétọ̀, ó sì ní iná ẹ́ńjìnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iná yẹn bá dúró sójú kan, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí á kà á. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, epo tí kò jó ló ń lọ sun inú sáílẹ́ńsà yín. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá sì sọ kì í ṣe ìwé ọjà. Ọ̀nà ibi tí ẹ ó ti wá a ló fi hàn, kò ní kí ẹ ra ohunkóhun.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ gbogbo èyí ni pé èrò kì í dúró de ọkọ̀ tó ń gbọ̀n mọ́. Rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, ní ibùdó níbí, tí wọ́n fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pè. Ọkọ̀ ojú irin kì í jẹ́ẹ̀kì.

Alága, àbá tí mo mú wá nìyí, kí ìpàdé sì gbé e yẹ̀wò lónìí. Kí ẹ̀ka ra gééjì kọ̀ǹpíréṣọ̀n kan, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lò ó fọwọ́ sí ìwé. Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má sì gba ìwé ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé nọ́ńbà sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mẹkáníìkì tó wọ̀n ọ́n, àti ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti tú sáílẹ́ńsà wò? Bí mẹkáníìkì náà bá jẹ́ èmi, kí wọ́n bi èmi náà.

Akọ̀wé ti ń wo aago. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ń gbọ̀n níta, kó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mò ń bọ̀.